YÀRÁ FÚN ÒṢÌṢẸ́ ÌLERA TÓ WÁ ṢIṢẸ́ NÍ ÌLÚ WA

Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Àwọn Obìnrin

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 4:8–10

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ bí a ṣe lè fi yàrá tó ṣófo nínú ilé wa ṣe òwò tó mọ́, tí yóò sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí rí ibi sùn nítòsí iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ilé àti owó, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀mí pẹ̀lú.

Nǹkan méjì ló wà nílùú wa tí wọn kò tíì pàdé ara wọn dáadáa. Èkíní ni yàrá tí a tì pa. Àwọn ọmọ wa ti lọ sí Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun. Ilé tí a fi òógùn kọ́ sì di ibi tí a ń ṣí nígbà ọdún nìkan. Èkejì ni òṣìṣẹ́ ìlera tí kò rí ibi sùn. Níbi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, nọ́ọ̀sì tí kò ní yàrá nítòsí ilé ìwòsàn yóò dé láàárọ̀, yóò sì ti wá ọkọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ìrọbí kì í bèèrè bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lágogo méjì òru kò lè dúró de ọkọ̀ àárọ̀.

Bí a bá mú nǹkan méjèèjì yìí pàdé, opó lè rí owó oṣù díẹ̀ gbà, ìlú yóò sì rí agbẹ̀bí ní òru. Àmọ́ ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwò yìí lè jẹ èrè, ó sì lè jẹ owó ẹgbẹ́ run. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jókòó, kí a ṣírò rẹ̀ kí a tó ná kọ́bọ̀.

1. OBÌNRIN ARÁ ṢÚNÉMÙ

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ka ibi tí a yàn sókè. Obìnrin yìí ṣe nǹkan mẹ́ta tó yẹ kí a kíyè sí.

(a) Ó ti rí àlejò kí ó tó ronú kan yàrá. Èlíṣà ti ń gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá léraléra, ó sì ti ń jẹun nílé rẹ̀. Obìnrin náà kò kọ́ yàrá sílẹ̀ kí ó tó máa wá ẹni tí yóò gbé ibẹ̀.

(b) Kò dá a ṣe. Ó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan.

(d) Ohun tí àlejò nílò ló fi sínú yàrá: ibùsùn, tábìlì, àga àti ọ̀pá fìtílà. Nǹkan mẹ́rin péré. Ibi sísùn, ibi ìkọ̀wé, ibi ìjókòó àti ìmọ́lẹ̀. Kò kó ohun tí yóò fi ọrọ̀ rẹ̀ hàn síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà o. Obìnrin ará Ṣúnémù kò gba owó. Àánú ni tirẹ̀. Òwò ni èyí tí a ń sọ. Kò sí àléébù nínú gbígba owó ilé tó tọ́, ṣùgbọ́n kí a má pe òwò ní àánú, kí a má sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí a ti sọ fún pé ọ̀fẹ́ ni.

2. ÀWỌN WO NI Ń WÁ?

Ìlobù ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n sì ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Orólù. A wà lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó lè nílò yàrá fún ìgbà díẹ̀ ni ìwọ̀nyí:

(a) Àwọn agúnbánirọ̀. Láti ọdún 1973 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, a ti ń rán dókítà, apòògùn àti àwọn mìíràn kúrò ní ìpínlẹ̀ wọn fún ọdún kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àgọ́ tó wà ní Ẹdẹ, wọn yóò lọ síbi iṣẹ́ fún ìyókù ọdún náà.

(b) Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti ti ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tí a rán wá kọ́ṣẹ́ láàárín ìlú. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ni tiwọn, wọ́n sì máa ń pọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan.

(d) Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ilé ìwòsàn aládàáni pè láti wá di àyè ẹni tó lọ ìsinmi ìbímọ, tàbí ẹni tó ti rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun.

(e) Òṣìṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìlú mìíràn, tí kò tíì rí ilé ọlọ́dún gbà.

(ẹ) Àwọn tó wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ìwádìí. Ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n ń lò.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: Òṣogbo kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ibẹ̀ ni dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ti ń ṣe iṣẹ́ ọdún kan rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ilé pọ̀ sí. Ẹni tó lè wọkọ̀ láti Òṣogbo láràárọ̀ lè má fẹ́ yàrá wa. Àmọ́ láti ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù May 2023, owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ ti di ẹrù. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru, ẹni tí kò ní ọkọ̀, àti ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀kadà lálẹ́, àwọn wọ̀nyí ni oníbàárà wa. Wọn kì í ṣe ọ̀pọ̀ èrò, a sì gbọ́dọ̀ mọ iye wọn.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí a tó ra bẹ́ẹ̀dì, kí obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ mú ìwé àti bírò lọ bá mátírọ̀n ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, kí wọ́n sì bèèrè pé: Ẹni mélòó ló ti òde wá ṣiṣẹ́ níbí láàárín oṣù 12 tó kọjá? Oṣù mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lò? Níbo ni wọ́n sùn? Èló ni wọ́n san? Ìjọba ha ń tún ilé àwọn òṣìṣẹ́ ṣe bí? Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan péré ló wá lọ́dún, a ti rí ìdáhùn gbà, kò sì ná wa ní nǹkan kan.

3. OHUN TÓ TI ṢẸLẸ̀ NÍBÒMÍRÀN

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ni èyí. Ẹ ó rántí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ní ọdún 1956 ni Dókítà David Morley dé ibẹ̀, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé. Káàdì náà tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé lẹ́yìn náà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí a ń tẹ̀ lé ọmọ kan náà láti oṣù dé oṣù, ń fẹ́ òṣìṣẹ́ tó mọ ìlú, tí ìlú sì gbà sọ́dọ̀.

Ní ọdún 2009, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ń rán àwọn agbẹ̀bí lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé ní ìgbèríko, mẹ́rin mẹ́rin sí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan lè máa wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àdéhùn náà ni pé ìjọba àpapọ̀ yóò san ₦30,000 lóṣù fún agbẹ̀bí kọ̀ọ̀kan, ìpínlẹ̀ yóò fi ₦20,000 kún un, ìjọba ìbílẹ̀ yóò fi ₦10,000 sí i, yóò sì wá ibi tí wọn yóò máa gbé. Níbi púpọ̀, ilé náà kò tó tàbí kò dára, owó sì ń pẹ́ dé. Agbẹ̀bí tí kò bá rí ilé kì í pẹ́ kí ó tó padà síbi tó ti wá. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, ìlú tó bá ní yàrá tó dára ní àǹfààní láti dá òṣìṣẹ́ dúró. Èkejì, owó ìjọba lè pẹ́. Onílé tó bá gbójú lé e nìkan lè dúró oṣù mẹ́ta kí ó tó rí owó rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn nọ́ọ̀sì kan wà tó ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn. Ọ̀sẹ̀ 13 ni àdéhùn wọn sábà máa ń jẹ́. Nítorí pé ilé ọlọ́dún kan tí kò ní ohun èlò ni wọ́n ń háyà jù níbẹ̀, àwọn kan sọ yàrá tí bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò ti wà nínú rẹ̀ di òwò fún àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí. Ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún lè ti sọ ọ́ fún yín lórí fóònù. Nígbà àrùn COVID-19, láti 2020 sí 2022, wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò lójú méjèèjì, owó wọn sì lọ sókè. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà dínkù, owó sì wálẹ̀. Ẹni tó ti yá owó báńkì ra ilé nígbà tí ọjà gbóná kò lè sọ fún báńkì pé nọ́ọ̀sì kò wá mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí a má fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ òwò yìí.

4. KÍ NI KÍ Ó WÀ NÍNÚ YÀRÁ?

Ẹni tó wá fún oṣù mẹ́ta kò ní gbé bẹ́ẹ̀dì wá. Ohun tó ń sanwó fún ni pé kí ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ kalẹ̀, kí ó sì lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí:

Ilẹ̀kùn tó lágbára àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Obìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní òru kò gbọdọ̀ máa kanlẹ̀kùn títí tí ara àdúgbò yóò fi jí. Ẹ pààrọ̀ àgádágodo nígbà tí ẹnì kan bá kó jáde.

Bẹ́ẹ̀dì, fóòmù tó le díẹ̀, àti àwọ̀n ẹ̀fọn tí kò ya.

Omi. Kànga tó ní ìdérí tàbí bọ̀hóò nítòsí, àti dúrọ́ọ̀mù tó mọ́.

Iná. A mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe. Iná sólà kékeré àti ibi tí a ti lè gba iná sí fóònù sàn ju jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa pariwo.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò wo ibẹ̀ kí wọ́n tó wo yàrá.

Tábìlì, àga, fáànù, kọ́tìnì tó dúdú. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ń sùn ní ọ̀sán. Bí ẹ̀rọ ọlọ tàbí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá wà lẹ́bàá fèrèsé, yàrá náà kò yẹ fún un.

Ibi ìfọṣọ. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn kò yẹ kí ó bá aṣọ ọmọdé inú ilé pàdé nínú báàfù kan náà.

Ẹ kíyè sí i pé a kò dárúkọ tẹlifíṣọ̀n ńlá tàbí àga onítìmùtìmù. Ẹ rántí nǹkan mẹ́rin ará Ṣúnémù.

5. Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ RẸ̀

Iye tí a kọ síbí jẹ́ àpẹẹrẹ fún ìṣirò nìkan. Ẹ fi iye ọjà àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì àti fóòmù: ₦150,000
Tábìlì àti àga: ₦40,000
Fáànù: ₦35,000
Kọ́tìnì, àwọ̀n ẹ̀fọn, aṣọ ìbùsùn: ₦45,000
Sítóòfù gáàsì kékeré, ìkòkò, àwo: ₦50,000
Iná sólà kékeré: ₦60,000
Àtúnṣe ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́, ọ̀dà: ₦70,000
Àpapọ̀: ₦450,000

Ká ní owó yàrá jẹ́ ₦30,000 lóṣù. Owó ìmọ́tótó, omi àti àtúnṣe kéékèèké jẹ́ ₦60,000 lọ́dún. A sì gbọ́dọ̀ máa fi ₦40,000 pamọ́ lọ́dọọdún, nítorí fóòmù yóò rọ̀, fáànù yóò sì kú. Ìnáwó ọdún kan jẹ́ ₦100,000, yálà ẹnì kan wà nínú yàrá tàbí kò sí.

Bí yàrá bá ní ènìyàn fún oṣù 10: ₦300,000 yóò wọlé, ₦200,000 yóò ṣẹ́kù. Owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ yóò padà láàárín ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta.

Bí ó bá jẹ́ oṣù 8: ₦240,000 yóò wọlé, ₦140,000 yóò ṣẹ́kù. Yóò lé ní ọdún mẹ́ta kí owó tó padà.

Bí ó bá jẹ́ oṣù 4: ₦120,000 yóò wọlé, ₦20,000 yóò ṣẹ́kù. Ọdún 22 àti ààbọ̀ ni owó yóò fi padà! Fóòmù yóò ti gbó tán kí ó tó di ìgbà náà.

Ẹ wò ó bí oṣù mélòó kan péré ṣe yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ tún fi wé yàrá òfìfo tí a fi fún ayálégbé ọlọ́dún ní ₦100,000, tí onítọ̀hún gbé ẹrù tirẹ̀ wá. Níbi ìṣirò yìí, bí yàrá wa kò bá ní ènìyàn nínú tó oṣù méje lọ́dún, ayálégbé ọlọ́dún sàn jù, kò sì ní wàhálà. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ ka àlejò kí ẹ tó ka yàrá.

Ẹ wo agbára ẹni tí yóò san án pẹ̀lú. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦77,000 lóṣù fún agúnbánirọ̀. ₦30,000 nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹnì kan tó tún fẹ́ jẹun; ṣùgbọ́n bí méjì bá jọ gbé yàrá tó fẹ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì méjì, ₦15,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ jọ ṣe é, obìnrin mẹ́wàá tó dá ₦45,000 ti pé ₦450,000. Kí owó náà dá dúró. Kí a má fi owó àjọ ṣe é, nítorí owó àjọ ti ní ẹni tó ń dúró dè é. Kí a má sì fi owó ìkórè ìjọ ṣe é. Kí ènìyàn mẹ́ta máa buwọ́ lùwé ní báńkì, kí a sì máa ka ìṣirò sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Yàrá kan ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pé ọdún kan tí ó dára, kí a wá sọ ti èkejì.

6. ÌWÉ ÀTI ILÉ ẸBÍ

Ẹ má fi ẹnu lásán gba àlejò, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ tutù tó. Kí ìwé àdéhùn wà ní ẹ̀dà méjì: ọjọ́ tí yóò wọlé àti ọjọ́ tí yóò jáde, iye owó, ẹni tí yóò san owó iná, iye owó ìdúró àti ọjọ́ tí a ó dá a padà. Kí a kọ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá sílẹ̀, kí onílé àti àlejò jọ buwọ́ lù ú. Kí a máa já rìsíìtì. Kí a rí káàdì iṣẹ́ rẹ̀ àti lẹ́tà tí wọ́n fi rán an wá.

Ní ti òfin, bí ìwé kò bá sọ ohun mìíràn, ayálégbé olóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù kan kí a tó gba ilé, ọlọ́dọọdún sì ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìwé yín sọ ọ́ kedere pé ti oṣù ni, kì í ṣe ti ọdún. Kò sì sí onílé tó ní ẹ̀tọ́ láti ju ẹrù ènìyàn síta fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin opó nínú wa, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ilé náà bá jẹ́ ilé ẹbí, ẹ má ná owó yín sí i kí olórí ẹbí àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn tó fọwọ́ sí ìwé. Bí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹni tí kò wẹ̀yìn wo yàrá náà rí yóò rántí pé ilé bàbá òun ni. Kí ìwé sọ ẹni tó ra ohun èlò, ẹni tí yóò gba owó, àti ìpín tí yóò lọ sí àpò ẹbí. Bí wọn kò bá gbà, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lọ́wọ́ yín.

7. ÌWÀ ONÍLÉ

Ọmọ ẹlòmíràn ni nọ́ọ̀sì tó wà nínú yàrá wa. Ó lè jẹ́ ọmọ Ìgbò tàbí Ẹ̀bìrà, ó lè jẹ́ Mùsùlùmí. Owó rẹ̀ àti ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀. A kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣí yàrá rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé. Kí a má máa rán an níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Bí a bá ní òfin nípa àlejò tàbí àkókò tí a ń ti géètì, kí ó ti wà nínú ìwé kí ó tó sanwó.

Ohun kan wà tí a máa ń ṣe láìmọ̀ pé ìnilára ni: kí ará ilé máa kanlẹ̀kùn nọ́ọ̀sì lóru pé kí ó wá gún òun ní abẹ́rẹ́, tàbí kí ó fún òun lóògùn. Ilé ìwòsàn ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣe ìtọ́jú nínú yàrá tí nǹkan sì yíwọ́, orí rẹ̀ ni yóò dá lé. Ẹ jẹ́ kí ó sùn, kí ó lè lágbára fún obìnrin tó ń rọbí lọ́la.

Èyí tó kẹ́yìn ni àlàáfíà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin kónílé-ó-gbélé lélẹ̀ ní Ìlobù, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun nítorí ìjà lórí ilẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó ná wa. Kò sí òbí tí yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá sùn síbi tí a ti ń jó ilé. Àwọn ìyá wà ní Ìlobù, wọ́n wà ní Ifọ́n, a sì ń ná ọjà kan náà. Ohun tí a bá ń sọ fún àwọn ọmọkùnrin wa nínú ilé lè ṣe ju gbogbo bẹ́ẹ̀dì tí a rà lọ.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ìyá wa, yàrá tó ṣófo kì í ṣe ègún, kì í sì í ṣe owó títí a ó fi rí ẹni tí yóò sùn síbẹ̀. Ẹ ka àlejò, ẹ ṣírò oṣù, ẹ kọ ìwé, ẹ fi èyí tó kéré bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni obìnrin ará Ṣúnémù ṣe kí ó tó tọ́jú yàrá? Èwo nínú rẹ̀ ni a máa ń fò?
2. Ní àdúgbò wa, ta ló ń gbẹ̀bí lóru? Níbo ni onítọ̀hún ń sùn?
3. Ẹ tún ìṣirò orí karùn-ún ṣe pẹ̀lú iye ọjà tiwa. Oṣù mélòó ni yàrá gbọ́dọ̀ ní ènìyàn kí ó tó sàn ju ayálégbé ọlọ́dún lọ?
4. Báwo ni opó ṣe lè dáàbò bo owó tó ná sórí ilé ẹbí?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí a yan obìnrin méjì tí yóò lọ bá mátírọ̀n kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n sì mú ìdáhùn wá ní kíkọ.